Iná éábáàgì kò kú mọ́, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ìjókòó èrò iwájú ló fà á

Awakọ̀ Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọkọ̀. Iná éábáàgì orí dáṣíbọ́ọ̀dù mi kò kú mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́, á tàn díẹ̀, á sì kú. Ní báyìí ó ti di alájọgbé. Èyí tó tún wá tojú sú mi ni iná kékeré tó ń sọ pé éábáàgì èrò wà ní pípa. Àgbàlagbà jókòó síbẹ̀, ó ń tàn. Kò sẹ́ni tó jókòó, ó ń tàn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tí mo bá ti ìjókòó náà sẹ́yìn kí n tó tan ọkọ̀, ara wọn á dá, àfìgbà tí mo bá dé ojú ọ̀nà gbágungbàgun tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ní sẹ́ńsọ̀ ìjókòó, èyí tó ń mọ̀ bóyá èèyàn jókòó, ló kú, kí n ra odindi ìjókòó. Ẹlòmíràn ní òun á fi rẹsísítọ̀ kan, ẹ̀yà iná kékeré, tan ọkọ̀ náà jẹ, iná á sì kú. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?

Rẹ́wáyà

Àbúrò, má gba ìkankan ná. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ibi tí àìsàn náà wà: o ti ìjókòó sẹ́yìn, ara rẹ̀ dá. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú kì í jí nítorí pé wọ́n ti ìjókòó. Wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fura sí.

Mú tọ́ọ̀ṣì, kí o wo abẹ́ ìjókòó náà. Wàá rí ìdì wáyà kan tó yọ láti inú kápẹ́ẹ̀tì lọ sí ìdí ìjókòó, sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyeyè yẹn ni àmì pé éábáàgì ni wáyà ibẹ̀ ń bá ṣe. Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ìjókòó nìkan ló gba ibẹ̀ kọjá. Éábáàgì ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú ẹ̀yìn ìjókòó wà níbẹ̀, ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀ wà níbẹ̀, nínú àwọn ọkọ̀ kan ohun tó ń fa bẹ́líìtì mọ́ èèyàn láyà nígbà ìkọlù náà wà níbẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè tan iná yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá wo iná nìkan tó ní "sẹ́ńsọ̀ ni", àfọ̀ṣẹ ló dá.

Ohun tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ jù ni ẹrù. Àwọn èèyàn ń ti agbòòrùn, ike omi àti bàtà sábẹ́ ìjókòó. Bí ìjókòó bá ti rìn, ẹrù náà á fa wáyà dání.

Kí o tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan, pa ọkọ̀, yọ kọ́kọ́rọ́, tú orí bátìrì tí í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù, kí o sì dúró. Toyota ní ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá, Honda ní ìṣẹ́jú 3. Èmi máa ń jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná díẹ̀ máa ń kù nínú brain box éábáàgì lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kúrò. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí éábáàgì lè ṣiṣẹ́ bí bátìrì bá tilẹ̀ fọ́ nínú ìjàǹbá. Iná tó kù yẹn ló lè ṣe ọ́ léṣe.

Má ṣe fi mítà wọn wáyà éábáàgì fúnra rẹ̀ láé. Iná kékeré inú mítà lè tó láti bú u jáde.

Ẹlẹ́rọ Sikánà

Ẹ̀gbọ́n Rẹ́wáyà ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kó tó tú nǹkankan, kó kọ́kọ́ ka kóòdù, ìyẹn àmì tí ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bí o bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí o sì ṣèèṣì ṣí kọ́kọ́rọ́, kóòdù tuntun á wọlé, wàá sì máa lé ohun tí ìwọ fúnra rẹ fi síbẹ̀.

Sikánà OBD2 kékeré tí gbogbo èèyàn ń rà láti fi ka kóòdù, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P ló mọ̀. Ti éábáàgì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, ó sì gba sikánà tó lè wọnú SRS, ìyẹn ètò éábáàgì ọkọ̀. Bí ti ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ kò bá wọ ibẹ̀, tó wá sọ fún ọ pé "kò sí kóòdù", má gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi Toyota ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló yé mi jù. B1650 lè jáde láti inú brain box éábáàgì. Ọ̀pọ̀ ló ń rí i tí wọ́n á sáré ra sẹ́ńsọ̀. Gbogbo ohun tí B1650 ń sọ ni pé "ẹ lọ bi àpótí ìjókòó, ó ní ẹjọ́ kan láti rò". O ní láti wọ inú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó kí o tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Níbẹ̀, B1780 dé B1783 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, B1771 jẹ́ ti ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀, B1793 jẹ́ ti iná tó ń lọ sí àwọn sẹ́ńsọ̀, B1795 ló ń sọ pé àpótí náà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọkọ̀ GM (General Motors), B0081 lo máa rí, ó sì ní nọ́ńbà kékeré kan lẹ́yìn tó ń ṣàlàyé ìyókù. Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré yẹn.

Lẹ́yìn kóòdù, ṣí ibi tí sikánà ti ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń rí lọ́wọ́lọ́wọ́ hàn. Gbogbo ìgbádùn iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó, kí o wo nọ́ńbà. Jẹ́ kó dìde. Rọra sún ìjókòó síwá sẹ́yìn. Bí nọ́ńbà igun kan bá ń fò láti 12 lọ sí òdo tí ẹni tó jókòó kò sì mira, ọ̀rọ̀ ti tán, wáyà igun yẹn ni.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi ò ní iná kankan tó ń tàn o, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé báàgì mi lé ìjókòó iwájú, ọkọ̀ á máa ké pé kí n de bẹ́líìtì. Ṣé sẹ́ńsọ̀ tèmi náà ti ń bàjẹ́ nìyẹn? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè gbé ìjókòó ọmọ síwájú bí iná tó ń sọ pé éábáàgì èrò wà ní pípa yẹn bá ti ń tàn.

Ẹlẹ́rọ Sikánà

Ẹ kú àtìgbàdégbà, Ìyá Ìbejì. Ti báàgì yẹn kì í ṣe àìsàn. Sẹ́ńsọ̀ rí ìwúwo, ó rò pé èèyàn ni. Ẹ gbé e sílẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e sẹ́yìn.

Ti ọmọ: ẹ̀yìn ni kí ọmọ wà. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, ní kí ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 jókòó sẹ́yìn, ìjókòó ọmọ-ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú éábáàgì tó ń ṣiṣẹ́ rárá. Ìdí tí sẹ́ńsọ̀ yìí fi wà gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, éábáàgì pa àwọn ọmọdé nínú ìjàǹbá tí kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni, torí agbára tó fi ń bú jáde kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. FMVSS 208, òfin ààbò ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti September 2003: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jókòó. Ọmọlangidi ọmọ ọdún kan, ọdún 3, ọdún 6, àti ti obìnrin kékeré tó wúwo tó kílò 49 ni wọ́n fi ń dán an wò. Nítorí náà, iná pípa tó tàn nígbà tí ìjókòó ṣófo, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá tàn lórí àgbàlagbà tó jókòó dáadáa, nígbà yẹn ni ká bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Bàbá Mẹkáníìkì

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Àbúrò, kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lábẹ́ tìrẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá tú àwọ ìjókòó lásán.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Yúróòpù ni ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín àwọ ìjókòó àti fóòmù. Bí èèyàn bá jókòó lé e, ojú méjì inú rẹ̀ á kan ara wọn, iná á kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ pé ènìyàn wà tàbí kò sí, kí ọkọ̀ lè ké fún bẹ́líìtì, kí éábáàgì má sì bú jáde lásán lórí ìjókòó òfìfo.

Òmíràn wà tó jẹ́ àpò olómi lábẹ́ fóòmù. Ẹni tó jókòó ń tẹ omi náà, sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ ń wọn bó ti tẹ̀ ẹ́ tó. Èyí ń jò. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ lábẹ́ fóòmù, ẹ má wulẹ̀ wá wáyà kiri.

Òmíràn kò sí nínú fóòmù rárá. Inú ẹsẹ̀ ìjókòó ló wà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìwọ̀n ọjà. Toyota lo irú èyí gan-an. Ó ń wọn ìwúwo ìjókòó àti ti ẹni tó wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń yọ ìwúwo ìjókòó kúrò. Tirẹ̀ le díẹ̀, torí ohunkóhun tó bá gbé ìjókòó sókè látìsàlẹ̀ á jẹ́ kó rò pé ẹni tó jókòó fúyẹ́. Àpótí tí wọ́n há sábẹ́ rẹ̀ lè ṣe é. Orúnkún èrò ẹ̀yìn tó ń ti ìjókòó lè ṣe é. Ẹni tó jókòó tó wá gbára lé ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgúnpá lè ṣe é. Mo ti rí ibi tí kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n tẹ́ nípọn jù, tó ń ti ìdí ìjókòó, ohun tó fa gbogbo wàhálà kò ju ìyẹn lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ń lo agbára iná tí ara èèyàn ń gbà, kì í ṣe ìwúwo. Aṣọ tútù, ìjókòó tí omi ti mu, tàbí kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìjókòó tó ń gba iná lọ́wọ́ lè da orí rẹ̀ rú. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Kíákíá

Ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn jù. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń tà tó máa ń di sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà. O yọ ti ìjókòó, o ki tuntun bọ ibẹ̀, iná kú, ó parí. Mo lò ó, ọkọ̀ mi ń lọ.

Ìyá Ìbejì

Kí ló ń sọ fún ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́? Pé èèyàn wà níbẹ̀ tàbí pé kò sí?

Kíákíá

Pé àgbà jókòó, mo rò pé.

Ẹlẹ́rọ Sikánà

Ẹ wo ohun tí ẹ sọ yẹn dáadáa. Bí ó bá ń sọ pé àgbà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọmọ kékeré tó bá jókòó síbẹ̀ ni éábáàgì á bú lù, ìbúsí yẹn kò sì tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Kò sẹ́ni tó máa rí àyè sá. Bí ó bá sì ń sọ pé ìjókòó ṣófo, ìyàwó yín tó jókòó síbẹ̀ kò ní éábáàgì lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀. Rẹsísítọ̀ tí wọ́n fi tan ọkọ̀ jẹ kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá máa ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín lọ́la kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkankan wà níbẹ̀.

Iná tó ń tàn kò dára, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ òótọ́ fún yín. Nígbà tí ẹ kò bá tíì rí owó ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú níbẹ̀. Ẹ kó èrò sẹ́yìn. Kí ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí iná SRS bá ń tàn, ẹ kò lè fọkàn tán éábáàgì kankan nínú ọkọ̀ náà, títí kan ti awakọ̀.

Oníṣẹ́ Àga

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, torí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Ó tín-ín-rín bíi bébà ike, ìlà fàdákà kéékèèké rìn káàkiri rẹ̀. Kì í sábà bàjẹ́ láàárín. Ibi tó ń já ni ìrù rẹ̀, níbi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láti orí fóòmù wọlẹ̀ lọ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí o bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, wàá rí ìlà fàdákà tó ti là, ó ń hàn bí irun tó já. Orúnkún ló ń pa á jù: ẹni tó kúnlẹ̀ lórí ìjókòó iwájú kó lè mú nǹkan ní ẹ̀yìn ń gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo. Omi dídùn tó dà sórí ìjókòó tẹ̀lé e.

Ẹ má fi ayọ̀nù tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ jó o, ike rẹ̀ á yọ́. Àwọn kan ń fi ọ̀dà tó ń gbé iná kùn ún. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà bí èèyàn bá ti ń jókòó tó ń dìde, á tún là. Ìtẹ́lẹ̀ tuntun ni kí ẹ rà, nọ́ńbà tó wà lára ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi rà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ GM, fóòmù, sẹ́ńsọ̀ àti àpótí rẹ̀ ni wọ́n ń tà pa pọ̀, wọ́n ti tò wọ́n mọ́ ara wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá mú fóòmù àtijọ́ tó fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i ti ba ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn òrùka irin tó di àwọ ìjókòó mú, ẹ gé wọn, kí ẹ fi tuntun sí i. Bí ẹ bá fi okùn ike dè é, ẹ gé ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má gún ìtẹ́lẹ̀. Ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tí wọ́n kọ AIRBAG sí sílẹ̀. Okùn tí wọ́n fi rán ibẹ̀ kì í ṣe okùn lásán, ó ní láti já nígbà tí éábáàgì bá fẹ́ jáde. Ìdí kan náà ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ ìjókòó wọn ní ẹ̀wù pé kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ yẹn kí wọ́n tó rà á.

Awakọ̀ Tuntun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo rí ẹni tí sikánà rẹ̀ wọnú SRS. Ti igun mẹ́rin ni tèmi. Kóòdù ní sẹ́ńsọ̀ igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ìdíwọ́ wà lójú wáyà. Nọ́ńbà igun yẹn ń fò bí mo bá sún ìjókòó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. A tú orí bátìrì, a dúró, a gbé ìjókòó sókè: ìdì wáyà náà ti jábọ́ kúrò nínú ohun tó ń mú un dání, ó ń fara gbo etí réèlì. Rọ́bà wáyà kan ti họ, idẹ inú rẹ̀ ti ń dúdú. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ ní téèpù?

Rẹ́wáyà

Téèpù kọ́. Kọ́kọ́ wo àwọ̀ wáyà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ, kí ó dá ọ lójú pé ti sẹ́ńsọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti éábáàgì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò gbà kí wọ́n tún un ṣe, odindi ìdì wáyà ni kí o pààrọ̀. Bó bá jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀, gé ibi tó dúdú kúrò títí wàá fi rí idẹ tó ń dán, fi wáyà tó nípọn bákan náà so ó, fi irin ìsowáyà tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí o fi rọ́bà tó máa ń fún bí iná bá kàn án bò ó. Bí wáyà tó họ bá ju ẹyọ kan lọ, má jẹ́ kí ojú ìso wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà dá ìdì wáyà náà padà sínú ohun tó ń mú un. Kí o tó di bóòtì, sún ìjókòó lọ síwájú pátápátá, kí o sún un sẹ́yìn pátápátá, kí o wò ó bóyá wáyà ń nà jù tàbí ń ká sí ẹnu réèlì. Ìdí tí èmi fi ń rí iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì ni pé àwọn èèyàn ń fo ibẹ̀ yẹn.

Bàbá Mẹkáníìkì

Ó kù díẹ̀. O ti tú bóòtì ìjókòó onísẹ́ńsọ̀ igun mẹ́rin, òdo rẹ̀ ti yí. Di bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ìwé ọkọ̀ rẹ ti tò wọ́n, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Bó bá le jù ní igun kan, ìjókòó á lọ́, sẹ́ńsọ̀ á sì ka ìlọ́ yẹn bí ìwúwo. Kó o gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí nǹkankan má sí lórí ìjókòó tàbí lábẹ́ rẹ̀, kí sikánà sì dá a padà sí òdo. Toyota ní kí wọ́n wá gbé ìwúwo kílò 30 lé e, kí ohun tí sikánà bá kà wà láàárín 27 sí 33.

Awakọ̀ Tuntun

Kílò 30 ni ìwé tèmi náà ní. A dá a padà sí òdo, ó gbà. Ṣùgbọ́n bí a gbé 30 lé e, 24 ló kà.

Bàbá Mẹkáníìkì

Nǹkan ń bá ìjókòó gbé ẹrù. Wo ike tó wà láàárín ìjókòó àti àpótí àárín ọkọ̀, àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fara kanra. Wo kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tú bóòtì, tún un dì, padà sí òdo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Awakọ̀ Tuntun

Kápẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá. Nígbà tí a gbé ìjókòó padà, ó ká sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. A nà án, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe, 29 ló kà báyìí. A pa kóòdù rẹ́. Iná SRS kú, iná pípa náà ń kú bí àgbà bá jókòó, ó sì ń tàn bó bá dìde.

Ẹlẹ́rọ Sikánà

Ó dára. Gbà á gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn, kí o sì tún ka kóòdù lẹ́yìn rẹ̀, torí kóòdù lè wà níbẹ̀ kí iná tó tàn.

Ẹ̀yin yòókù tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kí ẹ tó náwó, ẹ tẹ VIN ọkọ̀ yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sí ojú ìwé NHTSA tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Ní December 2023, Toyota pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí sẹ́ńsọ̀ yìí kan náà, ọkọ̀ ọdún 2020 dé 2022. Ní February 2024, Honda pe nǹkan bí 750,000 padà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yà kan nínú sẹ́ńsọ̀ ìwúwo wọn lè là, kí ojú iná inú rẹ̀ sì kan ara wọn. Nissan ti ṣe irú rẹ̀ ní 2014, ọkọ̀ tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Bí VIN yín bá wà nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ló máa san án.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé o. Níbo gan-an ni VIN yẹn wà lára ọkọ̀?

Rẹ́wáyà

Ẹ dúró síta, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà.